Fìlà Híhun àti Òfin Ọdún 1571 ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ìfáárà

Ní ọdún 1571, ní abẹ́ ìjọba Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin kan tí ó pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ju ọmọ ọdún 6 lọ gbọ́dọ̀ dé fìlà ní ọjọ́ Ìsinmi àti ní ọjọ́ ọdún. Kì í ṣe fìlà kan ṣáá ni òfin ń sọ. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí a fi òwú irun àgùntàn hun, tí a mú ki, tí àwọn oníṣẹ́ fìlà sì parí iṣẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gan-an. Ẹni tí kò bá dé e yóò san ìtanràn ṣílè 3 àti pẹ́nì 4 fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ní 1597, Ilé Ìgbìmọ̀ náà fagi lé òfin yìí. Ọdún 26 péré ni ó lò láyé.

Ó rọrùn láti fi irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀rín. Ìjọba tí ó jókòó tí ó ń ṣòfin lórí ohun tí ọmọ ọdún 7 yóò dé sórí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kò lè ṣàì dà bí ìjọba tí kò rí iṣẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka ọ̀rọ̀ àkọ́sọ òfin náà yóò rí i pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni ó wà níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oge. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni fìlà ń bọ́, iṣẹ́ náà sì ń kú lọ mọ́ wọn lọ́wọ́. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé kì í ṣe àìgbọràn àwọn ará ìlú nìkan ni ó pa òfin náà. Inú òfin gan-an ni ohun tí ó pa á wà. Bí ó ti yọ àwọn ọlọ́lá sílẹ̀ kúrò lára àwọn tí yóò dé fìlà, bẹ́ẹ̀ ni ó sọ fìlà di àmì gbáàtúù; bí ohun kan bá sì ti di àmì gbáàtúù, gbáàtúù pàápàá kì í fẹ́ kí wọ́n rí i lára òun mọ́.

Ó yẹ kí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ méjì yé òǹkàwé kí àlàyé tó bẹ̀rẹ̀. Híhun tí ibí yìí ń sọ kì í ṣe híhun orí òfì, níbi tí òwú gígùn àti òwú ìbú ti ń dábùú ara wọn. Iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ mọ̀ sí nítìn ni. Òwú kan ṣoṣo ni a ń lò. A ó fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ fà á gba inú ojú tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ láti fi dá ojú mìíràn. Èkejì ni pé fìlà yàtọ̀ sí akẹtẹ̀. Fìlà rọ̀, ó sì ń tẹ̀ lé orí. Akẹtẹ̀ le, ó sì ní etí tí ó nà síta. Ìjà ọjà tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì ni ó bí òfin 1571.

Iṣẹ́ tí ó wà nínú fìlà kan

Fìlà kan láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Monmouth, ní Wales, nítòsí ààlà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni àpẹẹrẹ tí àwọn òpìtàn mọ̀ jù lọ nínú irú èyí tí ayé ìgbà náà ń pè ní fìlà Monmouth. Kirstie Buckland kọ̀wé lé irú fìlà yìí lórí ní 1979. Ohun kékeré tí kò ní ọ̀ṣọ́ ni. Òwú rẹ̀ nípọn. Etí rẹ̀ ni a ṣẹ́ po sí méjì kí ó má baà máa ká sókè, bọ́tìnnì kékeré tí a fi òwú ṣe wà ní góńgó rẹ̀, ojóbó kékeré sì wà ní etí rẹ̀ tí a lè fi gbé e kọ́.

Ẹni tí ó bá fẹ́ hun irú fìlà bẹ́ẹ̀ yóò kọ́kọ́ dá ojú sórí ọ̀pá, ní iye tí yóò lè yí orí ká. Yóò pín àwọn ojú náà sórí ọ̀pá mẹ́ta tàbí mẹ́rin, yóò so ìparí mọ́ ìbẹ̀rẹ̀, yóò sì máa fi ọ̀pá kan tí ó ṣófo hun wọ́n yípo yípo. Nípa báyìí, kò ní sí ojú rírán kankan lára fìlà náà. Nígbà tí ó bá ti ga tó láti bo iwájú orí àti òkè etí, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hun ojú méjì pọ̀ di ẹyọ kan ní àyè tí ó dọ́gba síra, tí ìyípo náà yóò fi máa há sí i, títí tí yóò fi ku ìwọ̀nba ojú díẹ̀ ní góńgó. Yóò ki òwú bọ inú wọn, yóò fà á pọ̀, yóò sì fi ìdí òwú náà ṣe bọ́tìnnì. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin fìlà ọmọdé àti ti àgbàlagbà kò ju iye ojú tí a fi bẹ̀rẹ̀ lọ, àti bí fìlà náà yóò ti ga tó kí dídín ojú kù tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọdé pàápàá lè kọ́ ọ. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ìlú Norwich ka àwọn tálákà ìlú wọn ní 1570, wọ́n bá àwọn ọmọdé tí ń hun nǹkan tàbí tí ń ran òwú láti fi ran ilé lọ́wọ́.

Bí iṣẹ́ náà bá mọ síbẹ̀, ìtàn rẹ̀ kò ní gùn. Ṣùgbọ́n fìlà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ hun tán kò tí ì di fìlà tí òfin 1571 ń sọ. Ó tóbi ju orí tí yóò dé e lọ, ó sì rí bí àpò lásán. Wọn yóò kó o sínú omi, wọn yóò fi ọṣẹ tàbí amọ̀ tí ń fa ọ̀rá sí i, wọn yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọn yóò lù ú, títí tí irun àgùntàn yóò fi so kọ́ ara wọn, tí fìlà yóò sún kì, tí ojú ìhun kò sì ní hàn mọ́. Iṣẹ́ yìí ni àpilẹ̀kọ yìí ń pè ní ìmúki. Òun ni kì í jẹ́ kí òjò tètè wọlé, òun náà ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ là á kọjá. Lẹ́yìn ìmúki, wọn yóò fi orí èso ẹlẹ́gùn-ún ha ara fìlà kí irun lè dìde, wọn yóò fi àlùmọ́gàjí gé irun náà kí ó dọ́gba, wọn yóò rẹ ẹ́ ní àwọ̀, wọn yóò sì tẹ̀ ẹ́ kí ó dúró bí ó ti yẹ. Irú fìlà báyìí wà lára ẹrù tí wọ́n bá nínú ọkọ̀ ogun Mary Rose, tí ó rì ní 1545 tí wọ́n sì gbé jáde láti ìsàlẹ̀ òkun ní 1982. Wọ́n ti wú ọ̀pọ̀ mìíràn jáde nínú ilẹ̀ Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí kò mọ̀ lè rí òmíràn nínú wọn kí ó pè é ní aṣọ tí a gé tí a sì rán.

Thomas Fuller, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí àwọn ènìyàn àti ohun pàtàkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde ní 1662, sọ pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ 15 ni ó wà nínú fìlà. Ọ̀rọ̀ àkọ́sọ òfin 1571 ti to irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí ń ṣa irun àgùntàn wà níbẹ̀, ẹni tí ń ya á wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń ran òwú, ahunfìlà, ẹni tí ń mú un ki, ẹni tí ń tẹ̀ ẹ́ nínú omi, ẹni tí ń rẹ ẹ́, ẹni tí ń gé irun ara rẹ̀, ẹni tí ń fi aṣọ sí i nínú, títí kan ẹni tí ń ṣe ọ̀já rẹ̀. Ahunfìlà kò ju ẹyọ kan péré lọ nínú wọn. Kókó yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé orúkọ náà, fìlà híhun, lè mú kí ènìyàn rò pé ẹni tí ó ń hun ún ni ó ni iṣẹ́ náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá oníṣẹ́ fìlà ni ó ń fi òwú ránṣẹ́ sí ahunfìlà nílé, òun náà ni ó sì ń gba fìlà tí kò tí ì ki lọ́wọ́ rẹ̀ láti lọ parí rẹ̀. Iyì ọjà náà wà lọ́wọ́ ẹni tí ó parí rẹ̀.

Àwọn ìlú tí fìlà ń bọ́

Coventry ni àpẹẹrẹ tí ó dára jù. Ní ìlú náà, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ fìlà ní ìlànà tí wọ́n kọ sínú ìwé ìlú ní 1496. Wọ́n di alágbára débi pé àwọn ni ó ń ṣe eré Àjíǹde Jésù nínú àwọn eré oníṣe tí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ kọ̀ọ̀kan máa ń ṣe ní ìgboro ní ọjọ́ Corpus Christi. Wọ́n ní ilé àdúrà tiwọn nínú ṣọ́ọ̀ṣì St Michael, wọ́n sì ní yàrá kan lókè ìloro gúúsù rẹ̀. Nígbà tí bọ́ǹbù àwọn ará Jámánì jó ṣọ́ọ̀ṣì náà ní òru 14 oṣù November, 1940, ìloro àti yàrá yẹn kò bá a lọ. Kò sí ẹni tí ó ń ṣe fìlà nínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ṣáájú ìgbà náà, ṣùgbọ́n orúkọ àwọn oníṣẹ́ fìlà ni wọ́n ṣì fi ń pè é.

Òfin 1571 dárúkọ ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn: Exeter, Bristol, Monmouth, Hereford, Bridgnorth, Bewdley, Gloucester, Worcester, Chester, Lichfield, York, Derby, Leicester, Shrewsbury, Southampton, Canterbury. Ó ní ní Lọ́ńdọ̀nù nìkan, iye ènìyàn tí iṣẹ́ fìlà ti ń bọ́ tó 8,000. Kò yẹ kí a gba iye yìí gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀bẹ̀ ni àwọn oníṣẹ́ fìlà ń bẹ Ilé Ìgbìmọ̀, ẹlẹ́bẹ̀ kì í sì í dín ìyà rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n bí a bá tilẹ̀ gé iye náà sí ìdajì, iṣẹ́ ńlá ni ó kù.

Ẹ̀rí mìíràn nípa ipò tí fìlà wà tẹ́lẹ̀ ni iye owó rẹ̀. Ní 1488 sí 1489, nígbà ayé Ọba Henry Keje, òfin kan fi òdiwọ̀n sí owó tí wọ́n lè ta fìlà àti akẹtẹ̀. Akẹtẹ̀ tí ó dára jù kò gbọdọ̀ ju pẹ́nì 20 lọ. Fìlà tí ó dára jù kò gbọdọ̀ ju ṣílè 2 àti pẹ́nì 8 lọ, èyí tí í ṣe pẹ́nì 32. Fìlà ni ọ̀gá nígbà náà. Nínú àwọn àwòrán Ọba Henry Kẹjọ àti àwọn ìjòyè rẹ̀, fìlà pẹlẹbẹ ni ó wà lórí wọn. Aráńpá ni ti ọba, òwú irun àgùntàn ni ti oníṣòwò. Ṣùgbọ́n ìrísí kan náà ni, oníṣòwò sì lè wo orí ara rẹ̀ nínú dígí kí ó rí nǹkan tí ó jọ ti ọba.

Akẹtẹ̀ wọ ọjà

Ní nǹkan bí àárín ọ̀rúndún náà ni ojú ọjọ́ yí padà. Àwọn ọlọ́lá bẹ̀rẹ̀ sí í fi fìlà pẹlẹbẹ sílẹ̀, wọ́n ń dé akẹtẹ̀ tí ó ga lórí, tí ó ní etí, tí wọ́n fi irun ẹranko tẹ̀. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti òkè òkun wá, lẹ́yìn náà ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tí ogun ẹ̀sìn lé kúrò ní agbègbè Họ́láńdì wá ń ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Philip Stubbes, tí ó kọ ìwé ní 1583 láti fi bá ìgbéraga ìmúra àwọn ènìyàn rẹ̀ wí, sọ̀rọ̀ nípa akẹtẹ̀ onírun tí owó rẹ̀ tó ṣílè 20, 30, tàbí 40. Ó yẹ kí òǹkàwé fi èyí wé pẹ́nì 20 ti 1489. Stubbes fẹ́ràn àsọdùn, ìwé rẹ̀ kì í sì í ṣe ìwé ìṣirò. Síbẹ̀, ohun tí ó ń bínú sí hàn gbangba. Láàrin ọgọ́rùn-ún ọdún, akẹtẹ̀ ti kúrò ní ìsàlẹ̀ fìlà, ó ti bọ́ sórí rẹ̀.

Ohun tí àwọn tí ń sọ̀rọ̀ nípa òfin yìí kì í sábà tẹnu mọ́ ni irú iṣẹ́ tí akẹtẹ̀ gbà lọ. Irun lásán ni wọ́n fi ń ṣe akẹtẹ̀ onírun. Wọn yóò tẹ́ irun náà, wọn yóò fi ooru àti omi sí i, wọn yóò tẹ̀ ẹ́ títí tí yóò fi di ara kan. Kò sí òwú nínú rẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tí yóò ran òwú, kò sì sí ẹni tí yóò hun ún. Ọkùnrin tí ó mọ iṣẹ́ ìmúki lè yí ọwọ́ padà kí ó di oníṣẹ́ akẹtẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ akẹtẹ̀ náà gba ìwé àṣẹ ẹgbẹ́ tiwọn ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1604. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó ń ran òwú tí ó sì ń hun nínú ilé rẹ̀, pẹ̀lú ọmọ tí ó jókòó tì í, kò ní àyè kankan nínú akẹtẹ̀. Fún un, ìyípadà ìmúra àwọn ọlọ́lá kì í ṣe ọ̀rọ̀ oge rárá.

Ohun tí ó sì dúró de ẹni tí kò níṣẹ́ nígbà náà kì í ṣe ohun kékeré. Ní 1572, ọdún kan péré lẹ́yìn òfin fìlà, Ilé Ìgbìmọ̀ yìí kan náà ṣòfin lórí àwọn alárìnkiri. Ẹni tí ó ju ọmọ ọdún 14 lọ, tí wọ́n bá mú ní ojú ọ̀nà láìníṣẹ́ láìní ọ̀gá, wọn yóò nà án ní ẹgba, wọn yóò sì fi irin gbígbóná lu etí rẹ̀ ọ̀tún. Ó yẹ kí a ka àwọn òfin méjèèjì pọ̀. Àwọn tí ó ṣe èkíní mọ ohun tí yóò wà nínú èkejì.

Òfin náà àti àwọn tí ó yọ sílẹ̀

Òfin 1571 kì í ṣe àkọ́kọ́. Láti 1511 sí 1512 ni ìjọba ti ń fi òfin dá fìlà àti akẹtẹ̀ ilẹ̀ òkèèrè dúró lẹ́nu ibodè. Ohun tí ó jẹ́ tuntun ní 1571 ni pé ìjọba kò tún dúró ní ẹnu ibodè mọ́. Ó wọ ilé oníkálukú, ó sì ń wo orí wọn.

Ìtanràn náà wúwo. Ní àkókò yẹn, alágbàṣe lásán ní ìhà gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gba nǹkan bí pẹ́nì 8 lóòjọ́. Ṣílè 3 àti pẹ́nì 4 jẹ́ pẹ́nì 40, owó iṣẹ́ ọjọ́ 5. Ẹni tí ó bá gbàgbé fìlà rẹ̀ sílé ní ọjọ́ Ìsinmi kan ti pàdánù owó iṣẹ́ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ọ̀sẹ̀ kan. Òfin gbà kí ẹni tí ó bá rin ìrìn-àjò kúrò ní ìlú rẹ̀ má dé e, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà nílé kò ní àwáwí. Ní 1573, ọbabìnrin tún kéde pé kí gbogbo ènìyàn pa òfin náà mọ́, èyí tí ó fi hàn pé láàrin ọdún 2, wọn kò pa á mọ́. Àkọsílẹ̀ àwọn ilé ẹjọ́ kékeré ìgbèríko fi hàn pé wọ́n ń pe àwọn ará abúlé lẹ́jọ́ nítorí fìlà. Ní àwọn ibòmíràn, gbogbo abúlé ni wọ́n ń bù owó lé lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ó bá ti rí báyẹn, òfin ti di owó orí. Ará abúlé yóò san owó rẹ̀, yóò sì máa dé ohun tí ó wù ú, fìlà kan kò sì ní tà sí i ní Coventry nítorí owó tí ó san.

Síbẹ̀, kì í ṣe ibẹ̀ ni àléébù rẹ̀ tí ó tóbi jù wà. Òfin náà yọ àwọn omidan sílẹ̀, ó yọ àwọn obìnrin ọlọ́lá sílẹ̀, ó yọ àwọn ìjòyè àti àwọn náìtì sílẹ̀, ó yọ ọkùnrin ọlọ́lá tí ilẹ̀ rẹ̀ ń mú máàkì 20 wọlé lọ́dún sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn àrólé rẹ̀, ó sì yọ àwọn tí ó ti di ipò ọlá mú rí nínú ìlú sílẹ̀. Máàkì 20 jẹ́ pọ́n-ùn 13, ṣílè 6 àti pẹ́nì 8. Ìdí tí wọ́n fi yọ wọ́n sílẹ̀ kò ṣòro láti rí: àwọn gan-an ni wọ́n jókòó sí Ilé Ìgbìmọ̀, wọn kò sì ní ṣe òfin tí yóò ṣí akẹtẹ̀ kúrò ní orí ara wọn.

Kí ni ó wá ṣẹlẹ̀? Ṣáájú 1571, ẹni tí ó dé fìlà híhun kàn dé fìlà ni. Lẹ́yìn 1571, ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan ni ṣọ́ọ̀ṣì pín ìjọ sí méjì níṣojú gbogbo ènìyàn. Àwọn tí owó ilẹ̀ wọn tó máàkì 20 wà níhìn-ín pẹ̀lú akẹtẹ̀, àwọn tí kò tó bẹ́ẹ̀ wà lọ́hùn-ún pẹ̀lú fìlà. Oníṣòwò tí ọwọ́ rẹ̀ ń ròkè, tí ó kù díẹ̀ kí ó tó ẹni tí òfin yọ sílẹ̀, ni ó yẹ kí ó máa ra fìlà olówó ńlá, nítorí pé òun ni ó lówó tí kò sì jẹ́ ìjòyè. Òun gan-an ni òfin lé sá. Bí ó bá dé fìlà, ó ti jẹ́wọ́ fún gbogbo àdúgbò pé òun kò tí ì tó nǹkan; bí ó bá dé akẹtẹ̀ tí ó sì san ìtanràn, ìtanràn náà pàápàá ti di iyì. Òfin tí wọ́n ṣe láti gbé ọjà fìlà ró ti lé oníbàárà rẹ̀ tí ó dára jù lọ kúrò lọ́jà.

Ẹ̀rí pé àwọn ará ìgbà náà rí i bẹ́ẹ̀ wà nínú èdè wọn. Wọ́n sọ irú fìlà yìí ní fìlà òfin. Nínú Love's Labour's Lost, eré tí Shakespeare kọ ní nǹkan bí 1595, obìnrin ọlọ́lá kan dárúkọ fìlà òfin nígbà tí ó ń fi làákàyè àwọn ọkùnrin ọlọ́lá wé ti àwọn gbáàtúù. Ọ̀rọ̀ náà kò lè dun àwọn tí ó ń bá wí bí àwọn òǹwòran kò bá ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ta ni ń dé fìlà òfin. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Ilé Ìgbìmọ̀ pa òfin rẹ́.

Àpẹẹrẹ Túnísì

Ẹnìkan lè sọ pé bí òfin ìbá wà, bí kò ní sí, fìlà híhun kò lè ṣàì kú, nítorí pé kò sí ohun tí a fi òwú hun tí ó lè bá akẹtẹ̀ díje. Ìdáhùn sí èyí wà ní etí òkun Àríwá Áfíríkà. Ní ìlú Túnísì, wọ́n ń ṣe fìlà pupa kan tí wọ́n ń pè ní ṣéṣíà. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rò pé aṣọ gígé ni. Fìlà híhun ni. Àwọn obìnrin ni ó ń fi ọ̀pá ìhun hun ún nílé pẹ̀lú òwú funfun, ní títóbi tí ó ju orí ènìyàn lọ. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò gbé e lọ sí El Batan fún ìmúki, wọn yóò fi èso ẹlẹ́gùn-ún ha ara rẹ̀, wọn yóò rẹ ẹ́ ní àwọ̀ pupa ní Zaghouan, wọn yóò sì dá a padà sí Túnísì fún àwọn ọ̀gá tí yóò parí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti mọ iṣẹ́ Coventry kò ní rí ohun tí ó ṣàjèjì nínú rẹ̀. Láti 1609, nígbà tí ọba Sípéènì lé àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ti sọ di Kìrìsìtẹ́ẹ́nì kúrò nílẹ̀ rẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sá wá sí Túnísì, iṣẹ́ náà sì gbilẹ̀ gidigidi lọ́wọ́ wọn. Wọ́n tà á káàkiri ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí, títí dé ìhà gúúsù aginjù Sàhárà. Títí di òní, Nàìjíríà wà lára ibi tí àwọn oníṣẹ́ ṣéṣíà ń tà á sí.

Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin méjèèjì kò sí nínú iṣẹ́ ọwọ́. Ó wà nínú ẹni tí ó ń dé e. Olówó Túnísì ń dé ṣéṣíà, aláàfáà ń dé e, ọmọṣẹ́ ń dé e. Dídára òwú àti ọwọ́ ẹni tí ó ṣe é ni ó yàtọ̀. Kò sí òfin tí ó sọ pé kí ẹnìkan má dé e nítorí pé ó ti di ẹni ńlá. Iṣẹ́ náà lágbára títí di ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ẹ̀rọ ilẹ̀ Yúróòpù, pàápàá ní Strakonice ní ilẹ̀ Bohemia, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀ tí owó rẹ̀ kéré. Ẹ̀rọ ni ó ṣẹ́gun rẹ̀, kì í ṣe ìtìjú. Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, àwọn ọ̀gá díẹ̀ ṣì wà nínú ọjà àtijọ́ náà.

Àwọn orí tí òfin kò ronú kàn

Fìlà híhun kò parẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn 1597. Ohun tí ó parẹ́ ni fìlà àwọn oníṣòwò ìlú ńlá, irú èyí tí ó kọ́ Coventry. Èyí tí ó kù ni fìlà Monmouth, tí kò fi ìgbà kankan jẹ́ ti ọlọ́lá, tí kò sì ní iyì tí òfin lè gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣójà àti atukọ̀ ni ó ń dé e. Nínú Henry V, tí Shakespeare kọ ní 1599, orí àwọn ọmọ ogun Wales ni fìlà Monmouth ti hàn, kò sì sí ìyọṣùtì nínú bí ó ṣe dárúkọ rẹ̀. Ahunfìlà tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní àwọn ìlú mìíràn rí ìbọ̀sẹ̀ hun, nítorí pé òde ìbọ̀sẹ̀ híhun ń gbòòrò nígbà náà. Joan Thirsk, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1978, ka ìbọ̀sẹ̀ híhun sí ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ tí ó bọ́ àwọn tálákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jù lọ ní àkókò yẹn, láìsí òfin tí ó fi ipá wọ̀ ọ́ sí ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Amẹ́ríkà dó, fìlà náà bá wọn lọ. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ ní 1622 láti fi sọ ohun tí ẹni tí ń lọ sí Virginia gbọ́dọ̀ ní, fìlà Monmouth kan wà níbẹ̀ ní ṣílè 1 àti pẹ́nì 10. Ilé iṣẹ́ Massachusetts Bay rà á fún àwọn tí wọ́n kó lọ ní 1629. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn olóko Virginia ń ránṣẹ́ rà á ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn ẹrú wọn, àwọn tí a kó láti etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà àti àwọn ọmọ wọn. Òfin ayé Elizabeth ti sọ ẹni tí kò gbọdọ̀ ṣàì dé fìlà híhun. Ní oko tábà Virginia, kò sí ẹni tí ó bi ẹni tí yóò dé e léèrè rárá.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti kúrò ní Monmouth. Fuller sọ ní 1662 pé àjàkálẹ̀ àrùn ni ó lé e lọ sí Bewdley, ní ẹ̀bá odò Severn, orúkọ ìlú àkọ́kọ́ sì ni wọ́n ń pè é títí. Nígbà tí Daniel Defoe kọ ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ láàrin 1724 sí 1727, Bewdley nìkan ni ó mọ̀ tí wọ́n ti ń ṣe é. Ó ní àwọn atukọ̀ ilẹ̀ Họ́láńdì ni wọ́n ń rà á jù.